Ẹ̀rọ Agékoríko Tí Ń Ké: Ọ̀rọ̀ lórí Ọ̀pá Ọ̀bẹ àti Bíárìn

Òjò dé, koríko dé. Láti oṣù karùn-ún títí dé oṣù kẹwàá, kò sí àgbàlá kan ní ìlú yìí tí koríko kò fẹ́ gbà mọ́ onílé lọ́wọ́, pàápàá ní oṣù kẹjọ tí òjò kì í fẹ́ dá. Bí ẹ bá gba ẹ̀gbẹ́ Murtala Square kọjá lówùúrọ̀, tàbí ẹ̀gbẹ́ ilé ìwé èyíkéyìí tí ó ní pápá bọ́ọ̀lù, ẹ óò gbọ́ ohùn ẹ̀rọ agékoríko. Àwọn ọmọ wa tí ń jẹun nídìí iṣẹ́ yìí kò kéré. Àwọn kan ń fi ọwọ́ ti tiwọn, àwọn mìíràn sì jókòó lórí tiwọn, wọ́n ń wà á bí ẹni ń wa mọ́tò. Èyí tí a ń jókòó lé lórí yìí ni ọ̀rọ̀ mi dá lé.

Ìdí tí mo fi mú kálámù ni ẹjọ́ kan tí ó dé iwájú ìgbìmọ̀ owó àjẹsẹ́kù ẹgbẹ́ wa. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin wa (ó ní kí n má dárúkọ òun, mo sì gbà) yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́, ó fi ra ẹ̀rọ agékoríko tòkunbọ̀ tí ó ní ọ̀bẹ mẹ́ta lábẹ́. Ó fi gba iṣẹ́ pápá ilé ìwé méjì àti ọgbà ilé iṣẹ́ kan. Ó ń san owó rẹ̀ lóṣooṣù láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Lójijì, oṣù méjì kọjá, a kò rí i. Nígbà tí a ránṣẹ́ pè é, ó ní ẹ̀rọ náà ń ké bí ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n fẹ́ pa, òun ti ra bíárìn tuntun fún un lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n sì ń lò kí wọ́n tó tún bàjẹ́. Ẹni tí ń bá a tún un ṣe ti wá sọ fún un pé àfi kí ó ra gbogbo abẹ́ ẹ̀rọ náà ní tuntun. Owó tí wọ́n pè fún un ju ìdajì iye tí ó ra ẹ̀rọ náà lọ. Ìyàwó rẹ̀ sì wà nínú oyún oṣù kẹjọ.

Nínú ìgbìmọ̀, àwọn kan ní kí a gba ẹ̀rọ náà kí a tà á, kí owó ẹgbẹ́ má bàa run. Àwọn kan ní kí a fún un ní àkókò. Ẹnìkan nínú wa béèrè ìbéèrè kan tí kò sí ẹni tí ó lè dáhùn: kí ni bíárìn tuntun ń kú sí? Èmi kì í ṣe mẹkáníìkì, akọ̀wé ni mí ní Rélùwéè, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń kọ ìwé fún àwọn tí ń tún ẹsẹ̀ ọkọ̀ ṣe, ọ̀rọ̀ bíárìn tí yóò gbọ́ lójúmọ́ yóò ju ọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ̀ lọ. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ní kí n tẹ̀ lé ọ̀dọ́mọkùnrin náà lọ sí Panteka, kí n lọ fi ojú ara mi wò ó.

Kí n tó sọ ohun tí a bá níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí ó wà lábẹ́ ẹ̀rọ yìí fún ẹni tí kò bá tíì rí i rí. Àwo irin ńlá kan ni, tí a da ojú rẹ̀ dé bí ìgbà tí a da agbada dé ilẹ̀. Dẹ́ẹ̀kì ni àwọn oníṣẹ́ ń pè é. Nínú rẹ̀ ni ọ̀bẹ méjì tàbí mẹ́ta wà. Ọ̀bẹ kọ̀ọ̀kan so mọ́ ìsàlẹ̀ ọ̀pá irin kúkúrú kan, ọ̀pá náà gba inú ilé irin kan kọjá sókè, púlì sì wà ní orí rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì a máa fi bẹ́líìtì yí púlì, púlì a yí ọ̀pá, ọ̀pá a yí ọ̀bẹ. Nínú ilé irin yẹn, bíárìn méjì ni ó di ọ̀pá mú, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, páìpù kékeré kan sì wà láàárín àwọn méjèèjì tí kò jẹ́ kí wọ́n sún mọ́ ara wọn. Bíárìn fúnra rẹ̀ kò ju òrùka irin méjì lọ, ọ̀kan nínú èkejì, pẹ̀lú àwọn ọmọ irin róbótó tí ń yí nínú gíríìsì láàárín wọn. Òrùka inú ni ó máa ń bá ọ̀pá sáré. Òrùka òde ní láti dúró jẹ́ẹ́ nínú ilé rẹ̀.

Eré tí ọ̀bẹ yìí ń sá kì í ṣe eré ọmọdé. Ìlànà tí àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ wọ̀nyí ní Amẹ́ríkà ń tẹ̀ lé ni pé ṣóńṣó ọ̀bẹ kò gbọ́dọ̀ sáré ju 19,000 ẹsẹ̀ bàtà lọ ní ìṣẹ́jú kan. Mo ṣírò rẹ̀, ó tó bíi 347 kìlómítà ní wákàtí kan. Ojú irin Àbújá sí Kàdúná tí wọ́n ṣí ní ọdún 2016, eré 150 kìlómítà ni wọ́n ṣe é fún. Nítorí náà, ohun tí ó lè sáré ju ìlọ́po méjì ọkọ̀ ojú irin lọ ni ọmọ ẹni jókòó lé lórí, bíárìn méjì tí ó lè wọ inú àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé ni ó sì dì í mú kí ó má fò jáde. Ní pápá ilé ìwé, ẹ rántí ẹni tí ó sábà máa ń dúró wòran.

Ní ìlú wa níbí, ohun mẹ́ta ni ó ń pa bíárìn náà. Èkínní ni eruku pupa ti ìgbà ọyẹ́, tí ó rí kúlúkúlú tí ó sì ń wọ ibi tí afẹ́fẹ́ kò tilẹ̀ lè wọ̀. Èkejì ni omi. Àwọn ọmọ wa fẹ́ràn kí wọ́n gbé ẹ̀rọ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń fọ mọ́tò, kí wọ́n fi omi tí ń jáde pẹ̀lú agbára fọ abẹ́ rẹ̀ títí yóò fi máa dán. Ó dára lójú, ṣùgbọ́n omi yẹn a máa gba ẹ̀gbẹ́ rọ́bà tí ó bo bíárìn wọlé, gíríìsì á di funfun bí ẹ̀kọ, ó di kí ọmọ irin máa dógùn-ún. Ẹ fi igi ha koríko tí ó lẹ̀ mọ́ ọn kúrò nígbà tí ó bá gbẹ, ó tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kẹta ni okùn àti wáyà tí àwọn ènìyàn ń sọ sínú koríko. Ọ̀bẹ á ká a mọ́ ìdí ọ̀pá, á máa fi rin rọ́bà bíárìn títí yóò fi ya. Èmi fúnra mi rí okùn àpò ìrẹsì tí a tú kúrò ní ìdí ọ̀pá kan, ó gùn ju ènìyàn lọ.

Bíárìn kì í kú láìké. Ibi tí ó ti kọ́kọ́ ń ké kì í sì í ṣe ìgbà tí iṣẹ́ ń lọ, nítorí ariwo ẹ́ńjìnnì a máa bò ó mọ́lẹ̀. Ìgbà tí ẹ bá já ọ̀bẹ kúrò nínú iṣẹ́ ni kí ẹ dẹ etí sílẹ̀, bí ọ̀bẹ ṣe ń rọra dúró. Bí ohun gbogbo bá dára, ẹ óò gbọ́ ohùn afẹ́fẹ́ nìkan. Bí ẹ bá gbọ́ gìrìgìrì bí ẹni ń lọ ata gbígbẹ lórí ọlọ, ó ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni koríko yóò máa ga kan rẹ̀ kan, tí pápá yóò rí bí orí tí ọmọ kékeré fi àlùmọ́gàjí gẹ̀. Lẹ́yìn èyí, bẹ́líìtì á bẹ̀rẹ̀ sí í fò kúrò lórí púlì, wọ́n á sì máa dá bẹ́líìtì lẹ́bi, wọ́n á ra tuntun, yóò tún fò. Bí ó bá wá di pé ọ̀bẹ ń kan ara àwo irin, ọ̀pá àti ilé rẹ̀ ti ń jẹ, bíárìn nìkan kò lè wò ó sàn mọ́. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò.

Àwọn bàbá wa tí rélùwéè gbé wá sí Kàdúná Junction mọ ohun tí mo ń sọ. Ní ayé ọkọ̀ ojú irin àtijọ́, bíárìn tí ó ní ọmọ róbótó kò wọ́pọ̀ lábẹ́ ọkọ̀ ẹrù. Idẹ tí wọ́n fi irin funfun rírọ̀ tẹ́ nínú ni ó máa ń jókòó lé orí ọ̀pá ẹsẹ̀ ọkọ̀ nínú àpótí irin, òwú tí a rẹ sínú epo ni ó sì ń fi epo pa á lára. Bí epo bá gbẹ, àpótí á gbóná, á máa rú èéfín. Bí a kò bá sì tètè rí i, orí ọ̀pá lè já, kí ọkọ̀ yẹ̀ kúrò lójú irin. Ìdí nìyẹn tí àwọn tí ń yẹ ọkọ̀ wò fi máa ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní ibùdókọ̀, wọ́n á fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan àpótí kọ̀ọ̀kan láti mọ èyí tí ó gbóná ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, wọ́n á fi òòlù kan ẹsẹ̀ irin, wọ́n á gbọ́ bí ó ṣe dún. Ọgbọ́n kan náà ni fún ẹ̀rọ agékoríko. Lẹ́yìn iṣẹ́ ìdajì wákàtí, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́, ẹ dúró kí ọ̀bẹ dákẹ́ pátápátá, kí ẹ sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ilé bíárìn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lókè. Kí wọ́n lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ kò burú. Bí ọ̀kan bá gbóná tí ẹ kò lè gbé ọwọ́ lé e, òun ni ẹ ń wá.

Bí ẹ bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò láti ìsàlẹ̀, kọ́kọ́rọ́ nìkan kò tó. Ẹ fa wáyà kúrò lórí púlọ́ọ̀gì pẹ̀lú. Ẹ má sì ṣe wọ abẹ́ ẹ̀rọ tí jáàkì nìkan gbé dúró, ẹ fi ìtì igi ńlá gbè é lẹ́sẹ̀. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ di orí ọ̀bẹ mú, kí ẹ gbé e sókè sódò. Bí ó bá ń mì pẹ̀lú ìró, bíárìn ti jẹ. Kí ẹ wá yọ bẹ́líìtì, kí ẹ fi ọwọ́ yí púlì jẹ́jẹ́. Ẹ fi ìdí sukurudíráfà kan etí yín, kí ẹ fi orí rẹ̀ kan ilé bíárìn bí dókítà ṣe ń gbọ́ àyà aláìsàn. Yóò sọ gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀ fún yín.

Ó yá, Panteka. Ẹni tí kò bá tíì dé ọjà Panteka kò tíì mọ Kàdúná. Ohun tí òyìnbó fi ilé iṣẹ́ ńlá ṣe, àwọn ènìyàn yìí ń fi àjákù irin, iná wẹ́dà àti ẹ̀rọ léèdì àtijọ́ ṣe é, Háúsá, Yorùbá, Ígbò àti àwọn ará Gúúsù Kàdúná, wọ́n jọ ń fẹsẹ̀ gbún ara wọn níbẹ̀. Ọ̀dọ̀ bàbá tọ́nà kan tí orí rẹ̀ ti funfun ni a lọ. Háúsá ni, ṣùgbọ́n ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, nítorí ó ti bá àwọn ènìyàn wa ṣiṣẹ́ ní ọ̀kan nínú àwọn ilé ìhunṣọ Kakuri nígbà èwe rẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin wa dọ̀bálẹ̀, ó gbé ọ̀pá àti bíárìn tí ó kú síwájú rẹ̀. Bàbá kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó fi èékánná ha nǹkan kan kúrò lára ọ̀pá, ó gbé e sójú oòrùn. Agolo ni, agolo mílíìkì tí wọ́n gé pẹlẹbẹ.

“Ta ni ó fi èyí síbẹ̀?”

“Ẹni tí ó tà á fún mi ni, Bàbá. Ó ní bíárìn náà tóbi díẹ̀, pé bí mo bá fi agolo há a, yóò le.”

“Haba! Ṣé fìlà ni ọ̀pá yìí ń dé ni, tí ẹ fi ń há a ní agolo?”

Ó mú kálípà, ó fi wọn ọ̀pá náà ní ibi tí kò tíì jẹ. Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ̀rọ fara balẹ̀ gbọ́ èyí.

Nọ́ńbà wà lára bíárìn kọ̀ọ̀kan. Àwọn tí a sábà máa ń bá lábẹ́ ẹ̀rọ agékoríko ni 6203, 6204 àti 6205. Nọ́ńbà méjì tí ó gbẹ̀yìn ni ó ń sọ bí ihò inú rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó. Láti 04 lọ sókè, ẹ fi márùn-ún sọ ọ́ di púpọ̀: 04 jẹ́ 20 mílímítà, 05 jẹ́ 25. Ṣùgbọ́n 03 kò tẹ̀ lé ìṣirò yìí, 17 mílímítà ni tirẹ̀. Gbogbo ayé ni ó lo nọ́ńbà wọ̀nyí, nítorí náà 6204 tí a rà ní Jámánì àti 6204 tí a rà ní Ṣáínà bára dọ́gba: ihò inú 20, ẹ̀gbẹ́ òde 47, nínípọn 14. Lẹ́tà tí ó bá tẹ̀ lé nọ́ńbà ń sọ ohun tí wọ́n fi bo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. 2RS ni rọ́bà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, ZZ ni irin pẹlẹbẹ. Fún eruku àti omi tiwa, rọ́bà ni kí ẹ béèrè.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé àwọn ará Amẹ́ríkà tí wọ́n ń ṣe púpọ̀ nínú ẹ̀rọ wọ̀nyí ṣì ń fi ínǹṣì wọn ọ̀pá. Wọ́n á ṣe bíárìn tí òde rẹ̀ bá 6204 mu pátápátá, ṣùgbọ́n tí ihò inú rẹ̀ jẹ́ 3/4 ínǹṣì, èyí tí í ṣe 19.05 mílímítà. Bí ẹ bá gbé èyí tí ó ti bàjẹ́ lọ sọ́jà, tí ẹni tí ń tà á wo òde rẹ̀ nìkan, 6204 gidi ni yóò gbé fún yín. Yóò wọ inú ilé rẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n àyè tí ó kù díẹ̀ kí ó pé mílímítà kan yóò wà láàárín rẹ̀ àti ọ̀pá. Agolo ni wọ́n fi dí àyè yẹn fún ọmọ wa. Kò pẹ́ tí agolo fi lọ̀ tán, ọ̀pá bẹ̀rẹ̀ sí í yí nínú òrùka inú, ó ń jẹ ara rẹ̀, ọ̀bẹ ń mì, mímì náà sì ń pa bíárìn. Ohun tí ó ń pa bíárìn tuntun nìyẹn, lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí ohun tí ó ṣe àwo irin tí wọ́n ní kí ó lọ ra tuntun.

Mo bi Bàbá léèrè pé ṣé kí a wá bíárìn 3/4 ínǹṣì káàkiri ni. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní bí a bá rí i lónìí, ṣé a óò rí i lọ́dún tí ń bọ̀? Ohun tí ó ṣe ni pé ó wá irin ọ̀pá ìdí mọ́tò àtijọ́, irin tí ó le tí ó sì gbó, ó fi í sórí ẹ̀rọ léèdì, ó gbẹ́ ọ̀pá tuntun mẹ́ta. Ibi tí bíárìn yóò jókòó lé, ó sọ ọ́ di 20 mílímítà gérégé, kí 6204 tí ó wà ní gbogbo ìsọ̀ ní Kàdúná lè bá a mu láìsí agolo. Orí òkè níbi tí púlì ń wọ̀ àti ìsàlẹ̀ níbi tí ọ̀bẹ ń wọ̀, ó fi wọ́n sílẹ̀ bí ti àtijọ́. Èmi gbà pé ọgbọ́n tí ó wà nínú èyí ju ti ẹni tí ó kọ́kọ́ ṣe ẹ̀rọ náà lọ, fún àwa tí a wà níbí.

Ó tún gbẹ́ páìpù àárín tuntun, nítorí ti àtijọ́ kò lè wọ ọ̀pá tí ó ti nípọn sí i. Ẹ má fojú kékeré wo páìpù yìí. Nígbà tí a bá fi sípánà dì nọ́ọ̀tì ọ̀bẹ le, agbára náà a máa gba òrùka inú ti ìsàlẹ̀ kọjá sínú páìpù, kí ó tó dé òrùka inú ti òkè. Bí páìpù bá kúrú, tàbí tí ẹni tí ó tú u gbàgbé rẹ̀ sílẹ̀, nọ́ọ̀tì á fa òrùka inú méjèèjì mọ́ra wọn, àwọn ọmọ irin á fún mọ́ ẹ̀gbẹ́ kan, bíárìn tuntun á gbóná ní ọjọ́ àkọ́kọ́.

Ọ̀kan nínú ilé bíárìn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà ti fẹ̀ nínú. Alumínọ́ọ̀mù ni wọ́n, ó rọ̀, òrùka òde sì ti yí nínú rẹ̀. Àwọn kan a máa fi irin ṣóńṣó lu ihò náà lójú kí ó lè fún. Ó lè gbé yín dé ilé, kò lè gbé yín dé ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Bàbá gbẹ́ ihò náà fẹ̀ sí i, ó fi òrùka irin kan tẹ̀ sínú rẹ̀, ó wá gbẹ́ inú òrùka náà dé ìwọ̀n 47.

Bí wọ́n ṣe fi bíárìn sínú ilé rẹ̀ ni ó dùn mọ́ mi jù. Kò sí òòlù níbẹ̀. Wọ́n ti gbé bíárìn sínú fíríìsà obìnrin kan tí ń ta omi tútù nítòsí láti àná, nínú ọ̀rá tí a dì lẹ́nu. Wọ́n gbé ilé alumínọ́ọ̀mù sínú omi tí ń hó. Alumínọ́ọ̀mù a máa fẹ̀ bí ó bá gbóná. Ihò 47 mílímítà tí a fi 80 dígírì kún ooru rẹ̀ yóò fẹ̀ tó ìwọ̀n 0.09 mílímítà. Ojú kò lè rí i, ṣùgbọ́n ó tó. Ó yọ ilé náà, ó nù ún gbẹ kíákíá, ó fi bíárìn sí i, ó sì rọ́ wọlé wẹ́rẹ́ bí ẹni sun àga sí àyè rẹ̀. Bí ó bá di dandan kí ẹ fi òòlù ṣe é, òrùka tí ó ń wọlé ni kí ẹ tì: òrùka òde bí ẹ bá ń fi í sínú ilé, òrùka inú bí ẹ bá ń fi í sórí ọ̀pá. Òrùka bíárìn àtijọ́ tàbí sọ́kẹ́ẹ̀tì tí ó bá a mu ni kí ẹ fi gbà á lókè. Ẹni tí ó bá lu òrùka kejì ti fi àwọn ọmọ irin lu ojú ọ̀nà wọn, bíárìn náà ti kú kí ó tó ṣiṣẹ́.

Nípa gíríìsì: ilé bíárìn púpọ̀ ní ẹnu kékeré tí a lè fi ìbọn gíríìsì fún un. Ṣùgbọ́n bí bíárìn bá ní rọ́bà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, gíríìsì yẹn kò lè wọ inú rẹ̀, yóò kàn kún inú ilé lásán ni. Bàbá fi ọ̀bẹ kékeré yọ rọ́bà tí ó kọjú sí inú ilé, ó fi èyí tí ó kọjú sí òde sílẹ̀ láti dènà eruku. Báyìí, bí ẹ bá fún un ní gíríìsì, yóò dé ibi tí ó ń lọ. Díẹ̀díẹ̀ ni o, bí ẹ bá fún un jù, yóò ti rọ́bà òde jáde.

Nígbà tí iṣẹ́ ń lọ, a ń sọ̀rọ̀ nípa Kakuri, nípa Kaduna Textiles tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1957 tí ó sì ti ìlẹ̀kùn ní 2002, àti bí ọwọ́ tí ó mọ irin ṣe fọ́n káàkiri ìlú. Mo sọ ohun kan fún Bàbá tí ó mú kí ó pa ẹ̀rọ rẹ̀ láti gbọ́. Edwin Budding, ará Ìlú Òyìnbó tí ó kọ́kọ́ ṣe ẹ̀rọ agékoríko ní 1830, inú ilé iṣẹ́ aṣọ ni ó ti rí ọgbọ́n náà, lára ẹ̀rọ tí ń fá irun ojú aṣọ kí ó lè jọ̀lọ̀. Sven Wingquist, ará Sweden tí ó ṣe bíárìn tí ń tẹ̀ lé ọ̀pá bí ọ̀pá bá wọ́, tí ó sì dá ilé iṣẹ́ SKF sílẹ̀ ní 1907, òun náà òṣìṣẹ́ ilé ìhunṣọ ni. Ilẹ̀ amọ̀ tí ilé náà wà lórí rẹ̀ ń rì, ó ń mú kí àwọn ọ̀pá wọ́, bíárìn wọn sì ń bàjẹ́. Bàbá mi orí. Ó ní, “Nítorí náà, arákùnrin wa ni àwọn méjèèjì.” Ó tan ẹ̀rọ rẹ̀ padà.

Kí a tó kúrò, ó fi ọ̀bẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọ́ sórí ìṣó lọ́kọ̀ọ̀kan níbi ihò àárín wọn. Méjì dúró gbọọrọ, ọ̀kan tẹ̀ sí apá kan, nítorí ẹni tí ó pọ́n ọn ti pọ́n apá kejì jù. Ó fi fáìlì ha apá tí ó wúwo títí ó fi dúró. Ọ̀bẹ tí kò dọ́gba ní eré bẹ́ẹ̀ yóò máa fa ọ̀pá síbí fà á sọ́hùn-ún ní ẹgbẹ̀rún ìgbà ní ìṣẹ́jú kan, kò sì sí bíárìn tí yóò fara dà á.

Bíárìn mẹ́fà, ọ̀pá mẹ́ta, páìpù mẹ́ta, òrùka irin kan àti owó iṣẹ́: gbogbo rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin owó tí wọ́n pè fún àwo irin tuntun. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà padà sí pápá ní ọjọ́ Ajé tí ó tẹ̀ lé e. Mo lọ dúró ní ẹ̀gbẹ́ pápá lọ́jọ́ náà, mo dẹ etí sílẹ̀ nígbà tí ó já ọ̀bẹ kúrò nínú iṣẹ́, afẹ́fẹ́ nìkan ni mo gbọ́. Títí di ìgbà tí mo ń kọ èyí, ó ti san oṣù méjì nínú gbèsè rẹ̀, ìyá àti ọmọ sì wà ní àlàáfíà.

Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ ṣì ń kùn pé ẹgbẹ́ kì í ṣe ilé mẹkáníìkì. Èmi kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n bí a bá ti ta ẹ̀rọ yẹn bí ó ṣe ń ké, iye àjákù irin ni a óò rí gbà lórí rẹ̀, gbèsè tí ó kù á wà lọ́rùn ọmọ wa, a ó sì ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí agolo mílíìkì. Èrò mi, tí mo ti kọ sínú ìwé fún akápò, ni pé ẹni tí ó bá fẹ́ fi owó ẹgbẹ́ ra ẹ̀rọ tòkunbọ̀, kí ẹnìkan tí ó mọ̀ nípa rẹ̀ bá a lọ wò ó kí ó tó sanwó, kí a sì ya díẹ̀ nínú owó náà sọ́tọ̀ fún bíárìn àti bẹ́líìtì. Wọn yóò jíròrò rẹ̀ ní ìpàdé tí ń bọ̀.

Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ìpàdé yẹn pé, ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ̀rọ, ẹgbẹ́ ti ra púlà kan, irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí a fi ń fa bíárìn àti púlì kúrò lórí ọ̀pá láìlo òòlù. Ọ̀dọ̀ akọ̀wé ẹgbẹ́ ni ó wà. Kò gba owó, ẹ óò kọ orúkọ yín sínú ìwé, ẹ óò sì dá a padà kí ilẹ̀ ọjọ́ Àìkú tó ṣú.